Fọ́múlà kan náà, àwọ̀ méjì: kí ló dé tí íńdígò mi fi ń pọ́n?

Ìbéèrè òǹkàwé: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ewé ni mo fi ń ṣe íńdígò fúnra mi. Nígbà tí mo sá ìyẹ̀fun rẹ̀ gbẹ tán, mo rí i pé kì í ṣe búlúù pátápátá, ó ní pupa nínú, ó ń ṣe bí àwọ̀ àlùkò. Ẹnì kan tó mọ kẹ́mísìrì sọ fún mi pé indirubin ni pupa yẹn, àti pé fọ́múlà rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti íńdígò rárá, pé C16H10N2O2 ni àwọn méjèèjì. Èyí ni kò yé mi. Bí ohun tó wà nínú wọn bá dọ́gba, báwo ni ọ̀kan ṣe jẹ́ búlúù tí èkejì sì pupa? Bí mo bá rí aró méjì tí fọ́múlà wọn bára mu, ṣé mo lè fi ọ̀kan rọ́pò èkejì? Àti pé aṣọ tí mo ti fi ìyẹ̀fun yìí pa láró ńkọ́, ṣé ó ti bàjẹ́ ni?"

Ìdáhùn:

Ẹ kú ìbéèrè. Òótọ́ ni ẹni yẹn sọ fún yín. Kábọ́ọ̀nù 16, háídrójìn 10, náítrójìn 2, ọ́síjìn 2: bẹ́ẹ̀ ni íńdígò rí, bẹ́ẹ̀ náà ni indirubin rí. Ìwúwo mólékù wọn kò fi ohunkóhun ju ara wọn lọ, nǹkan bí 262 ni àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n kíkà ni fọ́múlà ń ka átọ́ọ̀mù, kò sọ èwo ló di èwo mú. Ẹni tó ka àwọn ará ilé kan tó rí i pé ọgbọ̀n ni wọ́n kò tíì mọ ta ni ọkọ ta, ta sì ni ọmọ ta. Àwọn kẹ́míkà tí átọ́ọ̀mù wọn dọ́gba ní iye, ṣùgbọ́n tí ìso wọn yàtọ̀, ni à ń pè ní áísómà. Nínú iṣẹ́ aró, ìso yìí ló ni ọ̀rọ̀. Òun ló ń sọ àwọ̀ tí ojú máa rí, òun ló ń sọ bóyá aró máa dúró lára aṣọ tàbí kó bá omi lọ, òun náà ló sì ń sọ bóyá ohun tí a rò pé kò lè pani lára máa sọ ọmọ ènìyàn di aláìsàn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo inú omi ewé yín, torí ibẹ̀ ni pupa yẹn ti bẹ̀rẹ̀.

Kò sí íńdígò nínú ewé tútù. Ohun tó wà níbẹ̀ ni indican, èyí tó jẹ́ indoxyl tí a so mọ́ ṣúgà, kò sì ní àwọ̀ kankan. Bí ewé bá ti ń rà nínú omi, ẹ́ńsáìmù inú rẹ̀ á já ṣúgà yẹn kúrò, indoxyl á sì bọ́ sínú omi. Indoxyl kì í lè dá dúró pẹ́ bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti yà sí méjì.

Ọ̀nà kìíní ni èyí tí ẹ fẹ́. Indoxyl méjì pàdé, wọ́n so pọ̀, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ sì bá wọn dá sí i. Ẹ mú bírò kí ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Fọ́múlà indoxyl ni C8H7NO. Méjì rẹ̀ jẹ́ C16H14N2O2. Ọ́síjìn á gba háídrójìn mẹ́rin lọ́wọ́ wọn, á fi ṣe omi. Ohun tó kù ni C16H10N2O2, íńdígò nìyẹn.

Ní ọ̀nà kejì, ọ́síjìn á ti mú indoxyl kan kó tó rí ẹnìkejì rẹ̀, á sì sọ ọ́ di isatin, C8H5NO2. Bí isatin yìí bá wá bá indoxyl tí kò tíì yí padà pàdé, àwọn méjèèjì á so, omi kan ṣoṣo á sì já bọ́ láàárín wọn. Ẹ ro C8H7NO pọ̀ mọ́ C8H5NO2, kí ẹ yọ H2O kúrò. Ẹ ó tún rí C16H10N2O2. Indirubin rèé. Ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbà wá, wọ́n sì dé orí iye kan náà. Ìdí nìyí tí kò fi sí íńdígò tí a fi ewé ṣe tí kò ní indirubin díẹ̀ nínú, bó ti wù kó kéré tó. Bí isatin bá ṣe pọ̀ tó nínú omi ni pupa ṣe máa pọ̀ tó. Àwọn tó ń fi ewé tútù pa sílíìkì láró mọ èyí dáadáa: bí omi wọn bá gbóná, àwọ̀ àlùkò ni wọ́n sábà máa ń rí. Nítorí náà, bí búlúù nìkan ni ẹ ń wá, ẹ má ṣe jẹ́ kí ooru pọ̀ jù nígbà tí ewé ń rà, ẹ má sì ṣe fi omi rẹ̀ sílẹ̀ pẹ́ títí kí ẹ tó fún un ní afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá ti fẹ́ pò ó kí afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀, ẹ pò ó kíákíá, kí ẹ sì pò ó dáadáa.

Ní ti ìso wọn gan-an, ẹ fojú inú wo mólékù kọ̀ọ̀kan bí apá méjì tí a so pọ̀ láàárín. Apá kọ̀ọ̀kan ní òrùka olójú mẹ́fà tí òrùka kékeré olójú márùn-ún lẹ̀ mọ́. Nínú òrùka kékeré yìí, náítrójìn la máa ń fún ní nọ́ńbà 1, kábọ́ọ̀nù tó tẹ̀ lé e ni 2, èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn ni 3. Nínú íńdígò, kábọ́ọ̀nù 2 ti apá kan ló so mọ́ kábọ́ọ̀nù 2 ti apá kejì, ọ́síjìn sì wà lórí 3 ní ọ̀tún àti ní òsì. Nínú indirubin, 2 ló so mọ́ 3, nítorí náà ọ́síjìn ti apá kejì ní láti wà lórí 2, lẹ́bàá náítrójìn. Ẹ̀kẹta wọn tún wà, isoindigo, tí 3 ti so mọ́ 3. Kì í ṣe búlúù, ó pupa rúsúrúsú.

Ẹ lè wò ó pé ìyípadà yìí kéré. Ojú ìmọ́lẹ̀ kò rí i bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ tí a ń rí lára aró ni èyí tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí aró ti gbé apá kan ìmọ́lẹ̀ funfun mì. Nígbà tí íńdígò bá yọ́ sínú omi kẹ́míkà, ibi tó ti ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì jù wà ní nǹkan bí 600 sí 610 nànómítà (ìwọ̀n tí a fi ń wọn gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀), ní agbègbè ìmọ́lẹ̀ tó jọ àwọ̀ ọsàn. Ohun tó kù fún ojú ni búlúù. Ti indirubin wà ní nǹkan bí 540 nànómítà, ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ ewé ló ń gbé mì, pupa tó dà bí àlùkò ló sì ń fi sílẹ̀. Nǹkan bí 60 sí 70 nànómítà péré ló wà láàárín wọn, òun náà ló sì pín búlúù níyà sí pupa.

Kí ló fa ìyàtọ̀ náà? Nínú íńdígò, náítrójìn méjèèjì ń fi ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sílẹ̀, ọ́síjìn méjèèjì ń fà á, wọ́n sì ń ṣe é ní àdábùú, láti apá kan kọjá sí apá kejì lórí ìso àárín. Nítorí èyí, agbára díẹ̀ ti tó láti ru ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù wọn sókè, ìmọ́lẹ̀ tí agbára rẹ̀ kéré sì tó wọn. Nínú indirubin, ọ̀kan nínú àwọn ọ́síjìn náà ti lọ jókòó ti náítrójìn apá tirẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń fa ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀, kò jẹ́ kó ráyè kọjá sí apá kejì bó ṣe yẹ. Ìgbékalẹ̀ àdábùú náà ti ya lápá kan. Agbára tí wọ́n nílò pọ̀ sí i, ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ń gbé mì sì kúrò níbi àwọ̀ ọsàn bọ́ sí ibi àwọ̀ ewé.

Adolf von Baeyer, onímọ̀ kẹ́mísìrì ọmọ Jámánì, ló kéde ìgbékalẹ̀ íńdígò ní 1883, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún iṣẹ́, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel kẹ́mísìrì ní 1905, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí aró wà lára ohun tí wọ́n kà sí i. Ó mọ èwo ló so mọ́ èwo. Ohun tó kù ni pé apá méjèèjì lè kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kan náà tàbí kí wọ́n kọjú síra ní òdìkejì, ẹ̀gbẹ́ kan náà sì ni ó yà á sí. Ìtànṣán X ló fi hàn nígbà tó yá pé òdìkejì ni wọ́n wà. Ìyẹn náà jẹ́ áísómà, irú tí ìso kò yí padà, ṣùgbọ́n tí ìdojúkọ yí padà. Ìdojúkọ òdìkejì yìí ṣe íńdígò lóore ńlá: háídrójìn orí náítrójìn apá kan wà nítòsí ọ́síjìn apá kejì, wọ́n sì di ara wọn mú lókè àti nísàlẹ̀. Nínú indirubin, ibì kan ṣoṣo ni irú ìdìmú bẹ́ẹ̀ ti wà.

Irú áísómà onídojúkọ yìí ń yọ àwọn aró kan lẹ́nu. Azobenzene, tó jẹ́ ìpìlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ aró yẹ́lò àti àwọ̀ ọsàn, máa ń yí láti ìdojúkọ òdìkejì sí ti ẹ̀gbẹ́ kan náà bí ìmọ́lẹ̀ bá kọ lù ú, á sì padà bó bá wà nínú òkùnkùn tàbí tí a bá mú un gbóná. Onímọ̀ kẹ́mísìrì kan tó ń jẹ́ Hartley ló rí ti ẹ̀gbẹ́ kan náà yìí ní 1937. Àwọn aró yẹ́lò kan wà tí àwọ̀ wọn máa ń yí díẹ̀ lórí aṣọ bí wọ́n bá wà nínú oòrùn, tí wọ́n á sì tún padà sípò lálẹ́. Aró náà kò ṣá, ìdojúkọ rẹ̀ ló yí.

Bí ẹ bá fẹ́ fojú ara yín rí indirubin tó wà nínú ìyẹ̀fun yín, ìdánwò rẹ̀ kò le. Ẹ bu ìyẹ̀fun díẹ̀ sínú ìgò kékeré tó mọ́ gaara, kí ẹ da sípírítì tó mọ́, ìyẹn ethanol, lé e. Ẹ dé e, ẹ mì í dáadáa, kí ẹ fi sílẹ̀ kó rọ̀. Íńdígò fẹ́rẹ̀ẹ́ má yọ́ nínú sípírítì rárá, ìsàlẹ̀ ló máa jókòó sí. Indirubin yọ́ ju íńdígò lọ. Bí omi òkè bá ti ń pọ́n bí àlùkò, ẹ ti rí i. Bí ẹ bá fẹ́ kó yọ́ sí i, ẹ gbé ìgò náà láìdé e sínú omi gbígbóná tí ẹ ti gbé kúrò lórí iná. Ẹ má ṣe gbé sípírítì súnmọ́ iná láé, afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde lára rẹ̀ máa ń gbiná. Ọ̀nà yìí kì í ṣe tuntun: sípírítì gbígbóná ni àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì àtijọ́ máa ń fi yọ pupa inú íńdígò.

Àwọn oníṣègùn náà mọ tọkọtaya yìí. Àìsàn kan wà tó máa ń sọ àpò tí ìtọ̀ àwọn tí wọ́n fi rọ́bà ìtọ̀ sí lára ń dà sí di àwọ̀ àlùkò. Bakitéríà ló ń fọ́ ohun kan nínú ìtọ̀ tó ń tú indoxyl sílẹ̀, ọ̀nà méjèèjì tí mo sọ lókè á sì tún ṣẹlẹ̀: íńdígò àti indirubin, búlúù àti pupa, wọ́n dàpọ̀ di àlùkò. Ní Ṣáínà ẹ̀wẹ̀, indirubin ni wọ́n rí pé ó ń ṣiṣẹ́ nínú egbòogi àtijọ́ kan tí wọ́n ń lò fún jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Ó máa ń dí àwọn ẹ́ńsáìmù kan tó ń ti sẹ́ẹ̀lì láti pín. Ìgbékalẹ̀ rẹ̀ ló bá ibi tó ń wọ̀ mu, fọ́múlà rẹ̀ kọ́.

Ó wá kan ìbéèrè yín kejì, èyí tí mo kà sí pàtàkì jù, torí owó àti ìlera wà níbẹ̀. Rárá o. Ẹ má ṣe fi aró kan rọ́pò òmíràn nítorí pé fọ́múlà wọn bára mu.

Ẹ wo Orange I àti Orange II, aró àwọ̀ ọsàn méjì. Zacharie Roussin, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló ṣe àwọn méjèèjì ní 1876, fọ́múlà wọn sì ni C16H11N2NaO4S. Ohun èlò kan náà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: sulfanilic acid tí wọ́n fi nitrite ṣe nínú áásìdì tútù. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni naphthol tí wọ́n da sí i. Bó bá jẹ́ naphthol tí OH rẹ̀ (ọ́síjìn kan àti háídrójìn kan tó so pọ̀) wà lórí kábọ́ọ̀nù 1, Orange I lẹ ó rí. Bó bá wà lórí 2, Orange II ni. Àwọn naphthol méjèèjì náà, áísómà ara wọn ni.

Bí ẹ bá yọ́ wọn sínú omi, àwọ̀ ọsàn ni àwọn méjèèjì ní. Ẹ wá da omi ọṣẹ sí i. Orange I á sáré pọ́n sí i. Orange II kò ní fi bẹ́ẹ̀ yí. Ìdí rẹ̀ ni pé OH ti Orange I jìnnà sí ìso náítrójìn méjì tó wà láàárín mólékù, ìta gbangba ló wà, omi ọṣẹ á já háídrójìn rẹ̀ gbà. Ní nǹkan bí pH 8.2 (pH ni òṣùwọ̀n tó ń sọ bóyá omi kan bí áásìdì tàbí ó jọ ti ọṣẹ), ìdajì rẹ̀ ti yí padà. Omi ọṣẹ sì sábà máa ń ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. OH ti Orange II wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ náítrójìn gan-an, ọ́síjìn àti náítrójìn jọ dì háídrójìn náà mú, ìgbà tí pH bá tó nǹkan bí 11.4 ni ìdajì rẹ̀ tó ń yí. Ẹ̀yin tí ẹ ń pa aṣọ láró, ẹ ó mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí nínú ọṣẹ kò ṣe é gbára lé fún aṣọ. Orange II ni wọ́n ń lò lórí irun àgùntàn, sílíìkì àti awọ títí di òní.

Orange I ní ìtàn mìíràn. Wọ́n gbà á láyè fún oúnjẹ ní Amẹ́ríkà ní 1907, ó sì wà lára àwọn àwọ̀ méje àkọ́kọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí. Ní 1950, ọ̀pọ̀ ọmọdé tó jẹ súìtì aláwọ̀ ọsàn nígbà ọdún Halloween ṣàìsàn. Àwọ̀ yìí ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìdá kan sí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo súìtì náà. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú àwọ̀ oúnjẹ ní 1956. Orange II ńkọ́? Wọn kò gbà á láyè nínú oúnjẹ ní Amẹ́ríkà, òde ara nìkan ni wọ́n gbà kí wọ́n lò ó fún. Bí ẹnikẹ́ni bá ta Orange II fún yín pé kí ẹ fi kun oúnjẹ, torí pé "bákan náà ni wọ́n", ẹ kọ̀ ọ́.

Ní ti àwọ̀ pupa, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Alizarin, pupa inú gbòǹgbò madder, jẹ́ C14H8O4. OH méjì rẹ̀ wà lórí kábọ́ọ̀nù 1 àti 2, wọ́n sún mọ́ra, ọ̀kan sì tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́síjìn òrùka, nítorí náà wọ́n lè di alumíníọ̀mù inú alọ́ọ̀mù mú gírígírí lára aṣọ. Quinizarin ní fọ́múlà kan náà, ṣùgbọ́n orí 1 àti 4 ni OH tirẹ̀ wà. Òun ni wọ́n fi ń ṣe àwọn aró ewé àti àlùkò kan fún ọ̀rá àti ike, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ́n tún ń fi òun náà sàmì sí epo dísù tí owó orí rẹ̀ kéré. Anthraflavic acid, tí tirẹ̀ wà lórí 2 àti 6, kì í di mọ́ aṣọ tí a ti fi alọ́ọ̀mù ṣe. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe alizarin ní ilé iṣẹ́ lẹ́yìn 1868, ìdààmú ńlá ni irú àwọn áísómà wọ̀nyí jẹ́ fún wọn, torí inú àgbá kan náà ni wọ́n ti ń jáde.

Bí ẹ bá fẹ́ ra aró, ẹ béèrè nọ́ńbà CAS rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ kẹ́míkà. Nọ́ńbà yìí kì í ka átọ́ọ̀mù, mólékù kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Íńdígò jẹ́ 482-89-3, indirubin jẹ́ 479-41-4. Alizarin jẹ́ 72-48-0, quinizarin jẹ́ 81-64-1. Nọ́ńbà Colour Index, ìyẹn àkójọ tó fún aró kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, náà dára: 14600 ni Orange I, 15510 ni Orange II. Ẹni tó ń ta aró tó kọ fọ́múlà sára páálí láìkọ ọ̀kan nínú nọ́ńbà wọ̀nyí kò tíì sọ ohun tó ń tà fún yín. Lójú tèmi, kò yẹ kí irú páálí bẹ́ẹ̀ wọ ọwọ́ ẹni tó ń fi aró jẹun.

Aṣọ yín kò bàjẹ́ rárá. Indirubin jẹ́ aró bí íńdígò ṣe jẹ́ aró, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ pa aró méjì lẹ́ẹ̀kan. Bí àlùkò náà bá wù yín, ẹ fi ìyẹ̀fun yẹn sí ọ̀tọ̀, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣe é sí i lára, kí ẹ má sì dà á pọ̀ mọ́ òmíràn, torí ìdá indirubin inú ìkọ̀ọ̀kan kì í dọ́gba, aṣọ méjì tí ẹ bá pa kò ní bára mu. Bí búlúù ni ẹ fẹ́, ẹ fi sípírítì ṣan ìyẹ̀fun tó kù bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀, ẹ da omi pupa rẹ̀ kúrò, ẹ tún un ṣe títí omi òkè á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́, kí ẹ sá a gbẹ níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, tí iná kò sí nítòsí.